Níbo Ni Kí Bátìrì Kẹ̀kẹ́ Máa Sùn?

Kókó ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún òní lè dà bí ohun tí kò kan onímọ̀ èdè rárá. Ọ̀rọ̀ bátìrì tí a fi ń wa kẹ̀kẹ́ ni: ibi tí ó yẹ kí a ti máa ṣáàjì rẹ̀, àti ibi tí ó yẹ kí a máa tọ́jú rẹ̀ sí, kí ó má baà di ohun tí yóò jó ilé mọ́ onílé lórí. Ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ojú àwọn ará ibẹ̀ ti rí tó lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ojútùú tí ó yẹ kí àwa náà gbé yẹ̀wò.

Kí a tó dé New York, ẹ jẹ́ kí n fi ojú iṣẹ́ tèmi wo ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ náà ni iná. Iná ni ó ń jó igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iná ni ìyá wa ń dá sí ìdí ààrò. Iná náà ni a ń tàn sí yàrá bí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà sì ni a ń sọ pé wọ́n ti mú lọ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn biribiri. Gẹ̀ẹ́sì a máa ya ohun wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti tiwa, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Mo ti gbọ́ ọ rí tí àwọn kan ní àìtó ọ̀rọ̀ ni ó fà á. Èmi kò fara mọ́ èyí. Bí ó bá jẹ́ ti bátìrì kẹ̀kẹ́ ni, èdè wa ti sọ òótọ́ tí olówó orí bátìrì kò fẹ́ rántí: iná tí ó wà nínú rẹ̀ tí kò tíì jó, àti iná tí ń jó ilé, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a tú bátìrì náà wò. Kì í ṣe odidi ohun kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ bátìrì ni a ó bá nínú rẹ̀, tí wọ́n rí roboto bí ìka ọwọ́ àgbàlagbà. Oríṣi kan tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlímítà 18 ní ìbú, ó sì gùn ní mìlímítà 65. Agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi volt 3.7 lọ. Nígbà tí a bá to ìsọ̀rí 13 tẹ̀ léra, a ó ní bátìrì tí wọ́n ń pè ní ti volt 48. Bí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ti ampere-hour 15, agbára tí ó wà nínú rẹ̀ yóò tó watt-hour 720. Kí ó lè yé wa dáadáa, ó tó agbára tí ó wà nínú bátìrì fóònù alágbèéká bíi 45 tí a dì pọ̀ sínú àpò kan.

Nínú ọmọ bátìrì kọ̀ọ̀kan, ewé irin méjì ni a ká pọ̀ bí ẹní, tí a sì fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan là láàárín. Ike náà kò nípọn tó irun orí. Omi kẹ́míkà kan ni gbogbo wọn rì sínú rẹ̀. Omi yìí kì í ṣe irú èyí tí a ń pọn lódò o. Bí ó bá rí ooru tí ó tó, ńṣe ni yóò gbiná. Níwọ̀n ìgbà tí ike náà bá wà ní ipò rẹ̀, àlàáfíà ni. Bí ó bá lu tàbí tí ó yọ́, ewé irin méjèèjì yóò kan ara wọn, ooru yóò sì sọ. Ooru yìí ni yóò tún mú kí kẹ́míkà inú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jà láàárín ara wọn, ìjà náà yóò bí ooru mìíràn, títí tí ọmọ bátìrì náà yóò fi bẹ́. Èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ooru aládùúgbò rẹ̀ ti tó láti mú kí òun náà bẹ́. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò níí jẹ́ kí a sùn lóru. N kò mọ òwe tí ó ṣe àpèjúwe inú bátìrì ju èyí lọ. Ẹ ó sì rí i láìpẹ́ pé ó bá àwọn tí ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú bátìrì mu pẹ̀lú.

Ohun tí ó mú kí iná yìí yàtọ̀ sí ti àtùpà tàbí ti ààrò ni pé kì í fún ènìyàn ní àyè. Èéfín olóró yóò kọ́kọ́ tú jáde, iná yóò sì bẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bíbò ó mọ́lẹ̀ kò tó láti pa á, nítorí ìjà kẹ́míkà tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kò dúró de afẹ́fẹ́ ìta. Omi púpọ̀ ni àwọn panápaná fi ń tù ú lójú, síbẹ̀ bátìrì tí a rò pé ó ti kú lè tún gbiná lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, àní lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Kí ni ó ń ba ike inú rẹ̀ jẹ́? Ohun tí ó ń fà á pọ̀. Kẹ̀kẹ́ lè ṣubú, omi òjò lè wọ inú bátìrì. Òtútù tí ó mú omi di yìnyín tún ní ewu tirẹ̀: bí a bá ṣáàjì bátìrì nígbà tí ó ṣì tutù bẹ́ẹ̀, lítíọ̀mù a máa dì sára ewé irin, ó sì lè hù ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ tí yóò gún ike náà. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà níta láti àárọ̀ nígbà òtútù New York, tí ó wọlé tí ó sì ki bátìrì bọ iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn.

Ti ṣájà ni ó yẹ kí a fi ìṣirò wò, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Ọmọ bátìrì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ gbà ju volt 4.2 lọ. Nítorí náà, bátìrì onípele 13 kò gbọdọ̀ gbà ju volt 54.6 lọ. Ṣùgbọ́n oríṣi bátìrì mìíràn wà tí ó jẹ́ onípele 14, èyí tí wọ́n ń pè ní ti volt 52. Ṣájà tirẹ̀ a máa tú volt 58.8 jáde. Bí ẹnì kan bá yá ṣájà ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ ti bátìrì rẹ̀ wẹ́kú, ó ti ń fún ọmọ bátìrì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi volt 4.5. Nínú bátìrì tí ó dára, pátákó kékeré kan wà tí ń ṣọ́ nǹkan wọ̀nyí, òun ni yóò gé iná náà. Nínú bátìrì olówó pọ́ọ́kú, pátákó náà lè máà ṣiṣẹ́. Èyí tí ó tún burú jù ni bátìrì tí a fi ọmọ bátìrì àlòkù jọ: àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan a máa tú èyí tí ó ti kú, wọn a ṣa àwọn tí ó ṣì mí nínú rẹ̀, wọn a sì fi wọ́n pa òmíràn. Ó dàbí ẹni pé a kó arúgbó àti ọ̀dọ́ sídìí iṣẹ́ kan náà, tí a sì ń bu ẹrù tí ó dọ́gba lé wọn.

Ó wá kù kí a béèrè pé, ta ni ó ń lo àwọn bátìrì wọ̀nyí? Ní New York, àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni àwọn tí ń gbé oúnjẹ láti ilé ìtajà lọ sí ilé àwọn oníbàárà. Ìjọba ìlú náà ka iye wọn sí nǹkan bí 65,000. Àjèjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti Mẹ́síkò, Gùàtẹ̀málà, Ṣáínà, Bangladesh, àti láti Ìwọ̀ Oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níhìn-ín pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, bátìrì kan lè máà tó o; òmíràn ni ó ń gbé méjì. Bí iṣẹ́ bá parí, níbo ni kí ó gbé wọn sí? Kò ní gáréèjì. Ó lè jẹ́ pé yàrá kan ni òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn jọ háyà, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì karùn-ún, tí gbogbo wọn sì jẹ́ ọlọ́kẹ̀kẹ́. Ẹ fojú inú wo bátìrì mẹ́fà tàbí méje tí a jọ ki bọ iná kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde, tí gbogbo àwọn tó ni wọ́n sì ti sùn fọnfọn.

Ohun tí ó tẹ̀yìn èyí wá kò ṣe é fẹnu sọ tán. Ní ọdún 2021, irú iná báyìí ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 104 ní ìlú náà, ènìyàn 4 sì kú. Ní 2022 ó di 220, ènìyàn 6 kú. Ní 2023 ó di 268, àwọn tí ó kú sì fò dé 18. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ọdún 2022, iná bátìrì ṣẹ́ ní àjà ogún nínú ilé gogoro kan ní Manhattan. Àwọn panápaná ní láti fi okùn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kí wọ́n tó lè gba àwọn tí ó ti yọ sí ojú fèrèsé là, ó sì lé ní ènìyàn 35 tí ó fara pa. Ní ọjọ́ ogún oṣù kẹfà ọdún 2023, láàárín òru, ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ kan ní òpópónà Madison ní àdúgbò àwọn ará Ṣáínà gbiná. Ìsàlẹ̀ ilé ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, àwọn ayálégbé wà lókè. Ènìyàn mẹ́rin ni ó kú. Àwọn panápaná ti yẹ ṣọ́ọ̀bù náà wò ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú, wọ́n sì ti ká ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí bí ó ṣe ń ṣáàjì bátìrì.

Àwa a máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe ọba nìyẹn. Yàrá háyà tí ó jó kò bù sí ẹwà kankan, àwọn aládùúgbò tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé wọn ni wọ́n sì bá a lọ.

Ìjọba kò ká ọwọ́ gbera. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà ṣe òfin ní ọdún 2023 pé, láti ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, tàbí kí ó fi háyà, tàbí kí ó ta bátìrì rẹ̀, àfi èyí tí a ti dán wò tí ó sì yege nínú ìdánwò ààbò. Òfin mìíràn fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún kan náà tí ó de fífi ọmọ bátìrì àlòkù pa bátìrì tuntun. Òfin rere ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bátìrì tí ó yege ìdánwò ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ rà á, bátìrì àtijọ́ sì wà nílé tí kò tíì kú. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2022, àjọ tí ń bójú tó àwọn ilé gbígbé ti ìjọba ti gbèrò pé àwọn yóò lé kẹ̀kẹ́ oníbátìrì kúrò nínú gbogbo ilé wọn. Ariwo ta, wọ́n sì dá ìgbèrò náà dúró.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa wí pé, kí ló dé tí wọn kò kúkú lé wọn? Èmi rò pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í lé bátìrì jáde; ńṣe ni ó ń lé e wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwa tí a ti rí ọ̀wọ́n epo ní ilẹ̀ yìí mọ bí ó ti ń rí. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé kò yẹ kí kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí epo bá wọ́n, tí ẹni tí ń fi ọkọ̀ jẹun kò sì rí ibòmíràn tó fọkàn tán, inú yàrá ni kẹ́ẹ̀gì ń sùn. Bátìrì ni irinṣẹ́ ẹni tí ń gbé oúnjẹ kiri. Olè tún ń jí i. Ìwọ kò lè ní kí àgbẹ̀ fi àdá rẹ̀ sílẹ̀ ní oríta mọ́jú, kí o sì máa retí pé yóò gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu.

Àwọn baba wa ní ọgbọ́n kan lórí iná. Iná ìdáná lè wà nínú agboolé, ṣùgbọ́n iná tí ó le ju èyí lọ, iná tí ń yọ́ irin, ilé tirẹ̀ ni wọ́n kọ́ fún un. Àgbẹ̀dẹ kì í ṣe ìyẹ̀wù. Ibi gbangba ni, tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọ tí ó sì ń fẹ́ jáde, tí gbogbo ìlú mọ̀, tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná sì ń ṣọ́. Ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ kú a gbé e lọ síbẹ̀. Kò ní sọ pé kí alágbẹ̀dẹ wá fínná sí ẹ̀gbẹ́ ẹní òun. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni bátìrì kẹ̀kẹ́ kò ní. Òun ni New York bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ fún un.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba ìlú náà ṣí ibùdó àkọ́kọ́ ní Cooper Square ní Manhattan. Ọjọ́ mẹ́fà péré ṣáájú rẹ̀ ni iná bátìrì ti pa ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀ròyìn kan nínú ilé tí ó ń gbé ní Harlem. Ibùdó márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ pinnu fún ìdánwò, fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́: mẹ́ta ní Manhattan, méjì ní Brooklyn. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Kọ́bọ́ọ̀dù irin ńlá kan ni, tí a gbé dúró sí gbangba, tí a pín inú rẹ̀ sí yàrá kéékèèké, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Bátìrì kan, yàrá kan.

Ní ibi pípín yìí gan-an ni ọgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà, ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. A ti rí i pé ooru aládùúgbò ni ó ń pa ọmọ bátìrì. Bátìrì odindi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí bátìrì ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kọ́bọ́ọ̀dù tí ó yẹ kí a pè ní kọ́bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ní ògiri tí ooru kò tètè là kọjá láàárín yàrá kan àti èkejì. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí èéfín yóò gbà jáde síta, nítorí pé èéfín tí a sé mọ́ inú àpótí a máa bú gbàù. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí ń wọn ooru, tí yóò gé iná fúnra rẹ̀ bí bátìrì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, tí yóò sì ta olùṣọ́ lólobó. Ṣájà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti bátìrì náà gan-an. Kò sì gbọdọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé tàbí ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tí àwọn ènìyàn yóò gbà sá jáde. Bí gbogbo èyí bá pé, tí bátìrì kan sì wá gbiná láàárín òru, irin ni yóò dúdú, kò ní sí ẹni tí ó sùn lórí rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà lo irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni kí oníkálukú mú bátìrì tirẹ̀ wá, kí ó tì í mọ́ inú yàrá kan, kí ó padà wá mú un lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Àléébù rẹ̀ ni pé bátìrì burúkú yóò bá èyí tí ó dára wọlé, òṣìṣẹ́ náà yóò sì dúró. Ti èkejì ni pàṣípààrọ̀: o fi èyí tí ó ti tán sílẹ̀, ìwọ sì mú èyí tí ó kún lọ, láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó ni ibùdó ni ó ni bátìrì. Òun ni ó mọ ọjọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òun ni yóò sì yọ èyí tí ń ṣàìsàn kúrò láàárín wọn. Èyí ni èmi fara mọ́ jù. Kò yàtọ̀ sí bí a ti ń fi àgbá gáàsì òfìfo gba èyí tí ó kún. Òun náà sì ni ọ̀nà tí ó sún mọ́ ilé wa jù lọ, nítorí pé láti 2022 ni ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní Spiro ti ń ṣe é fún àwọn ọlọ́kadà oníbátìrì ní Kútọnu àti Lómé. Ọlọ́kadà a dé ibùdó, a gba bátìrì tuntun, a sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ìdí tí yóò fi gbé e sùn.

Ṣùgbọ́n pàṣípààrọ̀ ní ohun tí ó ń béèrè. Gbogbo bátìrì gbọ́dọ̀ rí bákan náà, kí wọ́n wọ inú ihò kan náà. Ní Kútọnu, ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ń pèsè ọ̀kadà tí ó sì ń pèsè bátìrì, ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ní New York, oríṣiríṣi kẹ̀kẹ́ ni ó wà nígboro, oníkálukú pẹ̀lú bátìrì tirẹ̀ àti ẹnu iná tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó: ta ni yóò san án? Bí gbogbo rẹ̀ bá wá sórí òṣìṣẹ́, yóò padà sí iná ọ̀fẹ́ tí ó wà nínú yàrá rẹ̀. Ilẹ̀ pẹ̀lú kò tó. Ní 2024, ìjọba ìlú náà ṣe ìlànà tí ó fún àwọn onílé àti oníṣòwò láyè láti gbé irú kọ́bọ́ọ̀dù wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí ó má baà jẹ́ pé ìjọba nìkan ni yóò máa wá àyè.

Ní ọdún 2024 yìí kan náà, iná bátìrì ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 277 ní ìlú náà, èyí tí ó ju ti ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú sílẹ̀ láti 18 sí 6. Ibùdó márùn-ún kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nìkan. Òfin wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ àwọn panápaná sì wà níbẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ tọ́ka sí fún àwọn ọmọ yín ni pé iye iná àti iye òkú kì í ṣe ohun kan náà. Bátìrì yóò máa gbiná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níwọ̀n ìgbà tí a bá ń lò ó. Ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀ nígbà náà ni ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan kù tí olóòtú ètò yìí bi mí kí a tó bẹ̀rẹ̀: bátìrì tí ó ti wú tàbí tí ó ti fọ́ ńkọ́? Irú èyí kò gbọdọ̀ wọ kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú àwọn tí ara wọn dá, a kò sì gbọdọ̀ ki í bọ iná mọ́. Òde ni kí a gbé e sí, níbi tí kò sí igi, aṣọ tàbí ike nítòsí rẹ̀, kí a sì pe àwọn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìlú New York kò fàyè gbà á kí ẹnikẹ́ni ju bátìrì tí a ń ṣáàjì sínú pàǹtí ilé, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń tẹ pàǹtí mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ akólẹ̀ yóò fọ́ ọ, ọkọ̀ náà yóò sì gbiná lójú títì. Bí a bá máa kọ́ ibùdó fún bátìrì alààyè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ti òkú bátìrì wà, nínú àpótí irin tirẹ̀, kí ẹni tí ó wá ṣe pàṣípààrọ̀ lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.